Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Ìforítì ní Ọjọ́ Ogbó

Ibi Kíkà: Jóṣúà 14:6-13; 2 Kọ́ríńtì 4:16-18; Gálátíà 6:2, 9-10

Àkọ́sórí: Gálátíà 6:9 (Kí gbogbo kíláàsì ṣí Bíbélì, kí wọ́n kà á pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.)

Bíbélì Kíkà Nínú Ilé
Ajé: Nọ́ḿbà 13:25-33
Ìṣẹ́gun: Jóṣúà 14:6-15
Ọjọ́rú: Sáàmù 71:9-18
Ọjọ́bọ̀: Aísáyà 46:3-4
Ẹtì: Lúùkù 2:36-38
Àbámẹ́ta: 1 Tímótì 5:3-8

Òtítọ́ Tí Ẹ̀kọ́ Yìí Dúró Lé: Ìforítì onígbàgbọ́ kò dúró lórí agbára ara. Ìfẹ́ sí ẹni tí ń dúró dè wá ni í mú wa tún ọ̀nà kan náà rìn, àní nígbà tí ara kò gbé e mọ́.

Ète Ẹ̀kọ́: Nígbà tí a bá parí ẹ̀kọ́ yìí, ó yẹ kí olúkúlùkù wa lè (1) sọ ohun tí ó jọra àti ohun tí ó yàtọ̀ láàárín Kálébù àti ìyá arúgbó inú ìtàn wa, (2) ṣàlàyé ohun tí í mú ènìyàn forí tì í, (3) dárúkọ àgbà kan nínú ìjọ tí ó ń ru ẹrù ní òun nìkan, kí ó sì pinnu ohun tí òun yóò ṣe fún un láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Àwọn baba wa máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Ẹni tí ó ti tọ́ ọmọ, tí ó ti jí ní ìdájí fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó ti ru ẹrù lọ sí oko àti ọjà, ó yẹ kí ó jókòó nígbẹ̀yìn kí àwọn ọmọ máa gbé oúnjẹ wá bá a. Ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ pé kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo àgbà. Ìyá mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ó yẹ kí ó sinmi gan-an ni ẹrù tuntun dé bá a. Ọmọ ti kú, tàbí ó ti lọ sí ìdálẹ̀ tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, ọmọ-ọmọ sì wà nílẹ̀ tí yóò jẹun, tí yóò lọ sí ilé ìwé, tí ara rẹ̀ sì lè má yá. Irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀ ń jókòó pẹ̀lú wa nínú ìjọ. Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń ju owó sínú igbá ọrẹ, wọ́n sì ń padà sí ilé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Lónìí a ó wo àgbà méjì. Èkíní wà nínú Bíbélì, Kálébù ọmọ Jéfúnè. Èkejì wà nínú ìtàn kúkurú kan tí Eudora Welty, obìnrin òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, kọ, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1941. Àkọlé rẹ̀ ni “A Worn Path”, èyí tí í ṣe ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ títí tí ó fi là gbooro. Ìtàn àròsọ ni, kì í ṣe Ìwé Mímọ́, a kò sì ní fi í ṣe ìpìlẹ̀ ìgbàgbọ́ wa. Ṣùgbọ́n Olúwa wa pàápàá a máa fi ìtàn kọ́ àwọn ènìyàn. Nígbà tí ó fẹ́ kọ́ wọn pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí àárẹ̀ mú wọn nínú àdúrà, ìtàn opó kan tí kò yéé lọ sọ́dọ̀ onídàájọ́ ni ó sọ fún wọn (Lúùkù 18:1-8). Nítorí náà kò burú kí a fi ìtàn kan ṣe fìtílà láti fi wo ọ̀rọ̀ Ọlọ́run.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

1. Ìyá arúgbó kan lójú ọ̀nà

Ní Jackson, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní gúúsù Amẹ́ríkà, ni a bí Eudora Welty ní ọdún 1909. Ibẹ̀ náà ni ó kú sí ní ọdún 2001. Láàárín ọdún 1930 sí 1940 ó ṣe iṣẹ́ ìjọba kan tí ó mú un káàkiri àwọn ìletò Mississippi, ó sì ń ya àwòrán àwọn ènìyàn tí ó ń bá pàdé. Nígbà tí ó yá, ó ṣàlàyé pé ìyá arúgbó kan tí òun rí lókèèrè, tí ó ń dá rìn ní ìgbẹ́ ní ìgbà òtútù, ni ó bí ìtàn yìí. Kò bá ìyá náà sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé, kí ni ó tún lè mú arúgbó rìn báyìí bí kò ṣe nítorí ẹlòmíràn?

Nínú ìtàn náà, Phoenix Jackson ni orúkọ ìyá yìí. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ni. Ó ti darúgbó tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ pé nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà parí ní 1865, tí òmìnira dé fún àwọn ẹrú, òun ti dàgbà jù láti bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ó fi aṣọ pupa wé orí, ó ró aṣọ tí ó fi àpò ṣúgà rán sí iwájú, egungun agboòrùn ni ó fi ṣe ọ̀pá. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Okùn bàtà rẹ̀ tú, kò sì lè bẹ̀rẹ̀ kí ó so ó.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, tí ilẹ̀ ti dì nítorí òtútù, ó jáde nílé rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Natchez Trace. Ó kọrí sí ìlú Natchez tí ó wà létí odò Mississippi. Ó gun òkè, ó sì dà bí ẹni pé ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀gún gbá aṣọ rẹ̀ mú, ó sì fara balẹ̀ tú u kí ó má bàa ya. Ó dé odò kan tí a fi ìtì igi ṣe afárá rẹ̀. Ó di ojú, ó sì gba orí igi náà kọjá. Ó rá kòrò lábẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún. Nínú oko àgbàdo gbígbẹ ó rí ohun kan tí ó rò pé iwin ni. Nígbà tí ó fọwọ́ kàn án, aṣọ tí àgbẹ̀ gbé kọ́ igi láti lé ẹyẹ ni. Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀, ó sì ń bá ọ̀nà lọ. Lẹ́yìn náà ajá dúdú kan yọ sí i, ó sì ṣubú sínú kòtò, kò sì lè dìde.

Ọdẹ òyìnbó kan ni ó fà á jáde. Ọdẹ náà ní kí ó padà sílé, ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ayẹyẹ Kérésìmesì ni ó ń sáré lọ wò. Ó na ìbọn sí i láti wò ó bóyá ẹ̀rù yóò bà á. Ìyá náà dúró, kò mi. Ó ní òun gbọ́dọ̀ dé ìlú.

Nígbà tí ó dé ìlú, ó gun àtẹ̀gùn ilé gíga kan lọ sí ọ́fíìsì dókítà. Nọ́ọ̀sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ títí, kò dáhùn. Ó jókòó gbagidi. Ó ti gbàgbé ohun tí ó bá wá! Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni ọkàn rẹ̀ tó padà bọ̀ sípò, tí ó sì rántí. Oògùn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni ó wá gbà. Ọmọ náà ti gbé omi sódà mì ní bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀fun rẹ̀ kò sì jinná. Ìgbàkígbà tí ọ̀fun náà bá ti fún pọ̀, ìyá àgbà á dìde, á tún rìn lọ sí ìlú. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n kù ní ayé.

2. Kálébù ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún

Ẹ jẹ́ kí a ṣí Jóṣúà orí kẹrìnlá. Kálébù dúró níwájú Jóṣúà ní Gílígálì, ó sì ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ fún un. Ọmọ ogójì ọdún ni nígbà tí Mósè rán an lọ ṣe amí ilẹ̀ náà. Ọdún márùndínláàádọ́ta ti kọjá láti ìgbà náà, ó sì ti di ẹni ọdún 85. Nínú àwọn amí méjìlá, mẹ́wàá ni ó bẹ̀rù àwọn òmìrán tí wọ́n sì kó ẹ̀rù bá gbogbo ìjọ. Kálébù àti Jóṣúà nìkan ni ó sọ pé a lè gba ilẹ̀ náà, ìjọ sì fẹ́ sọ wọ́n ní òkúta pa nítorí ọ̀rọ̀ náà (Nọ́ḿbà 14:6-10).

Ẹ kíyè sí i pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ tí Kálébù kò dá ni ó jẹ. Òun gbàgbọ́, síbẹ̀ ó rìn nínú aginjù pẹ̀lú àwọn tí kò gbàgbọ́. Ó sin wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò bínú fi wọ́n sílẹ̀, kò sì jẹ́ kí ìlérí Ọlọ́run kú nínú ọkàn rẹ̀. Nígbà tí àkókò sì tó láti pín ilẹ̀, kò bèèrè ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí arúgbó lè máa sinmi sí. Òkè Hébúrónì ni ó bèèrè, níbi tí àwọn ọmọ Ánákì gan-an tí wọ́n ti dẹ́rù ba Ísírẹ́lì wà nínú ìlú olódi. Jóṣúà súre fún un, ó sì fún un ní Hébúrónì. Orí kẹẹ̀ẹ́dógún sọ fún wa pé ó lé àwọn ọmọ Ánákì mẹ́ta jáde níbẹ̀.

3. Ohun tí ó yàtọ̀ láàárín àwọn méjèèjì

Níhìn-ín ni ó yẹ kí kíláàsì fara balẹ̀. Kálébù jẹ́rìí pé agbára òun ní 85 ọdún rí gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní ogójì. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni èyí, a sì ń yin Ọlọ́run fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àgbà tí wọ́n bá ka ẹsẹ yìí máa ń mí kanlẹ̀, nítorí pé tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀. Orúnkún ń dùn wọ́n, ojú ti ṣú, wọ́n sì ń gbé nǹkan sí ibì kan tí wọn kì í rántí mọ́. Ǹjẹ́ a lè sọ pé ìgbàgbọ́ wọn kò tó ti Kálébù ni?

Rárá o. Pọ́ọ̀lù dáhùn rẹ̀ nínú 2 Kọ́ríńtì 4:16. Ó gbà pé ẹni ti òde ń parun. Kò sọ pé ìgbàgbọ́ yóò dá ìparun náà dúró. Ohun tí ó sọ ni pé a ń sọ ẹni ti inú di tuntun lójoojúmọ́. Nítorí náà onírúurú méjì ni àgbà tí ń forí tì í. Ọ̀kan dà bí Kálébù, tí Ọlọ́run pa agbára rẹ̀ mọ́. Èkejì dà bí ìyá arúgbó inú ìtàn wa, tí agbára rẹ̀ ti lọ, ṣùgbọ́n tí kò dúró. Bí a bá wò ó dáadáa, ìrìn èkejì lè ṣòro ju ti èkíní lọ, nítorí pé gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ni ó ń náwó lára ohun tí kò ní.

Àwọn méjèèjì jọra nínú ohun kan: wọ́n mọ ibi tí wọ́n ń lọ, ẹ̀gàn kò sì dá wọn padà. Ìjọ fẹ́ sọ Kálébù ní òkúta. Ọdẹ fi ìyá arúgbó rẹ́rìn-ín, ó sì na ìbọn sí i. Kò sí èyí tí ó bá ẹlẹ́gàn jà nínú wọn. Wọ́n kọjá lọ síbi tí wọ́n ń lọ.

4. Ìfẹ́ tí ó ti mọ́ra

Kí ni ó gbé ìyá náà dé ìlú nígbà tí ọkàn rẹ̀ tilẹ̀ ti gbàgbé ìdí ìrìn àjò náà? Ìtàn náà jẹ́ kí ó yé wa pé nínú ìlú kò gbẹ́kẹ̀ lé ojú rẹ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó jẹ́ kí ó mú òun lọ. Ó ti rin ọ̀nà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Ìfẹ́ rẹ̀ sí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ó ń rò nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn nìkan. Ó ti mọ́ ọn lára.

Ẹ̀kọ́ ńlá nìyí fún wa. Ọ̀pọ̀ wa rò pé ìforítì ni kí ènìyàn ṣe ohun ńlá kan lẹ́ẹ̀kan, kí gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìforítì tí Gálátíà 6:9 ń sọ jẹ́ ti rere tí a ń ṣe lemọ́lemọ́, èyí tí ó lè súni nítorí pé kò tuntun mọ́. Ẹni tí ó ń fọ aṣọ aláìsàn kan náà lójoojúmọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ẹni tí ó ti gbàdúrà fún ọmọ kan fún ogún ọdún mọ̀ ọ́n. Àdúrà, Bíbélì kíkà, ìjọsìn, àánú ṣíṣe: bí a bá ń tẹ ọ̀nà wọ̀nyí nígbà tí ara wa le, ẹsẹ̀ wa yóò mọ̀ wọ́n ní ọjọ́ tí ọkàn bá ń ṣú. Ẹ wo Ánà, opó tí ó ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin tí kò kúrò nínú tẹ́ḿpìlì (Lúùkù 2:36-38). Nítorí pé ó wà níbẹ̀ lójoojúmọ́ ni ó ṣe wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí a gbé Jésù wọlé.

Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ka ìtàn Phoenix Jackson ni ó kọ̀wé bi Welty léèrè pé: ṣé ọmọ náà ti kú ni, tí ìyá àgbà kò sì mọ̀? Ní ọdún 1974 ó fi àròkọ kan dáhùn. Kò sọ pé ọmọ náà kú. Ó fi yé wọn pé Phoenix fúnra rẹ̀ wà láàyè, àti pé lílọ tí ó ń lọ ni ìtàn náà. Àwa onígbàgbọ́ lè fi kún un pé a kì í rí òpin iṣẹ́ wa kí a tó ṣe é. Àgbẹ̀ kì í rí àgbàdo kí ó tó gbìn. Olúwa ni ó mọ àkókò ìkórè. Tiwa ni kí a má ṣe ṣàárẹ̀.

5. Owó tí ó ṣubú sílẹ̀

A kò gbọ́dọ̀ fo ibì kan nínú ìtàn náà. Owó sẹ́ǹtì márùn-ún kan bọ́ sílẹ̀ lápò ọdẹ, ìyá náà sì rí i. Ó fi ọgbọ́n darí ọdẹ sí ọ̀dọ̀ ajá, ó sì rọra bẹ̀rẹ̀, ó mú owó náà, ó tì í sínú àpò aṣọ rẹ̀. Bí ó ti ń nàró, ẹyẹ kan fò kọjá, ọkàn rẹ̀ sì dá a lẹ́bi pé Ọlọ́run ń wo òun.

Àwọn kan nínú kíláàsì lè sọ pé tálákà ni, ọdẹ náà kò sì ní mọ̀. Òótọ́ ni pé tálákà ni. Ṣùgbọ́n ìyá náà fúnra rẹ̀ kò fi òṣì ṣe àwáwí; ó pe ohun tí ó ṣe ní olè. Ẹni tí ó ń ru ẹrù nítorí ìfẹ́ lè kọsẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà tí ó ń gbà ṣe rere. Rere tí a ń ṣe kì í pa ẹ̀ṣẹ̀ wa rẹ́. Ẹ̀jẹ̀ Jésù nìkan ni ó lè ṣe èyí (1 Jòhánù 1:7-9). Bákan náà, kí àwa tí a jẹun yó kí a tó wá sí ìjọ má ṣe yára dá a lẹ́jọ́. Kí a kọ́kọ́ bi ara wa pé, níbo ni àwọn ará wà tí arúgbó fi ń wá owó ìṣeré ọmọ nílẹ̀ẹ́lẹ̀?

Ní ọ́fíìsì dókítà, obìnrin òṣìṣẹ́ kan fún un ní sẹ́ǹtì márùn-ún mìíràn nítorí Kérésìmesì. Ó fi méjèèjì sọ́wọ́ kan, ó ní òun yóò ra ohun ìṣeré tí a fi bébà ṣe, èyí tí afẹ́fẹ́ máa ń yí, kí ọmọ òun lè mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà láyé. Kò rántí bàtà tirẹ̀. Ìtàn parí bí ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀nà gígùn náà sì wà níwájú rẹ̀ síbẹ̀.

6. Ohun tí ó kan ìjọ

Ó rọrùn láti yin àgbà tí ń forí tì í, kí a sì fi ìyìn náà ṣe ìdí tí a kò fi ràn án lọ́wọ́. Gálátíà 6:9 kò dá dúró. Ẹsẹ kejì nínú orí kan náà ní kí a máa ru ẹrù ara wa, ẹsẹ kẹwàá sì ní kí a máa ṣoore, pàápàá fún àwọn ará ilé ìgbàgbọ́. Nínú 1 Tímótì 5:4, Pọ́ọ̀lù fi iṣẹ́ náà lé àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ kí ó tó kan ìjọ. Níbi tí kò bá sí ọmọ, ìjọ ni ọmọ.

Nínú gbogbo àwọn tí ìyá náà bá pàdé, ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe. Ọdẹ gbé e dìde nínú kòtò, ṣùgbọ́n ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nọ́ọ̀sì fún un ní oògùn lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n sùúrù rẹ̀ kò pọ̀. Obìnrin kan tí ó ń kọjá lọ ní ìgboro, tí ó kó ẹrù Kérésìmesì dání, ni ìyá náà bẹ̀ pé kí ó bá òun so okùn bàtà òun. Obìnrin náà gbé ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì so ó. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèǹgbè. Iṣẹ́ tí ó kéré lójú wa lè jẹ́ èyí tí àgbà kò lè ṣe fún ara rẹ̀ láé.

Kò sì sí ẹnikẹ́ni nínú ìtàn náà tí ó sọ pé, “Ìyá, ẹ jókòó, èmi ni n ó lọ bá yín gba oògùn náà lẹ́ẹ̀mìíràn.” Ọ̀rọ̀ yìí ni ó kù tí ìjọ Kristi ní láti sọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn òbí gbọ́dọ̀ gbọ́. Sódà tí a fi ń ṣe ọṣẹ a máa jó ọ̀nà ọ̀fun ọmọdé. Bí egbò náà bá ń jinná, àpá rẹ̀ a máa fún ọ̀nà oúnjẹ pọ̀, ìdí sì nìyí tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fi máa ń padà sí ilé ìwòsàn fún ọdún púpọ̀. Kì í ṣe ní Amẹ́ríkà nìkan. Ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, àwọn dókítà ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó mu sódà nítorí pé a rọ ọ́ sínú ìgò tàbí ife tí a fi ń mu omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọṣẹ ní ilé, ẹ tì í mọ́ ibi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè dé, ẹ má sì ṣe rọ ọ́ sínú ohun èlò omi láé. Bí ọmọ bá gbé e mì, ẹ má ṣe mú un bì, nítorí pé bí ó bá ń padà bọ̀ yóò tún jó ọ̀fun lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi Hébúrónì parí àlàyé wa. Nígbà tí Kálébù ti fi ogbó rẹ̀ jà fún òkè náà, a yà ìlú Hébúrónì sọ́tọ̀ láti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìlú ààbò, níbi tí ẹni tí ó ṣèèṣì pa ènìyàn lè sá sí kí ó má bàa kú. A sì fi ìlú náà fún àwọn ọmọ Árónì, oko àti ìletò àyíká rẹ̀ ni ó jẹ́ ti Kálébù (Jóṣúà 20:7, 21:11-13). Ohun tí àgbà forí tì di ibi ìsádi fún ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún ọ̀pọ̀ wa: àdúrà àti òógùn ìyá àgbà kan ni òrùlé tí a wà lábẹ́ rẹ̀ títí di òní.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Ọdún mélòó ni Kálébù fi dúró de ìlérí Ọlọ́run? Kí ni ó lè mú kí ó bínú tàbí kí ó sọ ìrètí nù láàárín ọdún wọ̀nyí?
2. Ọ̀nà wo ni ìforítì Kálébù gbà yàtọ̀ sí ti Phoenix Jackson? Èwo ni ó sún mọ́ ipò tí ìwọ wà?
3. Kí ni ìwà rere tí ẹsẹ̀ rẹ ti mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìwọ yóò fi máa ṣe é bí ọkàn rẹ tilẹ̀ ń ṣú?
4. Kí ni ẹ rò nípa owó tí ìyá náà mú? Báwo ni a ṣe lè pe ẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ̀ṣẹ̀ kí a sì fi àánú hàn sí tálákà?
5. Kí ni ìdí tí a fi máa ń yin àwọn àgbà wa ju bí a ti ń ràn wọ́n lọ́wọ́ lọ?

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kí akọ̀wé kíláàsì mú ìwé kan, kí a sì kọ orúkọ gbogbo ìyá àti baba àgbà inú ìjọ tí wọ́n ń tọ́ ọmọ-ọmọ tàbí tí wọ́n ń tọ́jú aláìsàn. Kí a pín orúkọ náà, kí ẹni méjì-méjì lọ bẹ ẹnì kọ̀ọ̀kan wò kí Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ tó dé. Kí wọ́n má ṣe lọ lọ́wọ́ òfo, kí wọ́n má sì ṣe lọ gba àdúrà nìkan. Kí wọ́n béèrè pé, “Ìrìn wo ni ẹ ń rìn tí a lè bá yín rìn?” Ìrìn ilé ìwòsàn ni o, ìrìn ilé ìwé ọmọ ni o, omi pípọn ni o, kí wọ́n gba ọ̀kan ṣe. Kí a jábọ̀ ní kíláàsì ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.

ÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún àwọn àgbà tí wọ́n rìn kí àwa lè jókòó. Fún àwọn tí agbára wọn kù ní oore-ọ̀fẹ́ láti gun òkè tí ó wà níwájú wọn. Di àwọn tí agbára wọn ti tán mú, kí o sì sọ ẹni ti inú wọn di tuntun lójoojúmọ́. Dárí jì wá ní gbogbo ibi tí a ti rí ẹrù lórí arúgbó tí a sì kọjá lọ. Kọ́ wa láti bẹ̀rẹ̀ kí a sì so okùn bàtà ẹlòmíràn. Ní orúkọ Jésù Olúwa wa. Àmín.